Henry Darcy, Ẹni Tó Wọn Ìrìn Omi Nínú Ilẹ̀

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ẹni àtijọ́, àwọn àfáà, ọba àti jagunjagun la sábà máa ń mẹ́nu bà. Ẹni tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ẹnjiníà ni, ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wúlò kò ní ààlà. Kò sí ilé tí wọ́n ti ń fa omi kànga ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní tàbí ní Òkèlúsè tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà ilé wa. Kànga wà níwájú, ṣáláńgá wà lẹ́yìn. Omi kànga yìí la fi ń se oúnjẹ, òun la fi ń ṣe àlùwàlá, òun làwọn ọmọdé ń mu. Bí òjò bá rọ̀, omi a máa gba inú ṣáláńgá kọjá lọ sábẹ́ ilẹ̀. Ṣé yóò dé inú kànga? Bó bá máa dé, ọjọ́ mélòó ni yóò fi rìn? Ojú kò rí abẹ́ ilẹ̀. Ṣáájú Henry Darcy, kò sí òfin ìṣirò kan tó dájú tí a lè fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Wọ́n bí Henry Darcy ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1803 ní ìlú Dijon, ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí owó-orí ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Henry nígbà tí bàbá náà kú ní 1817. Ìyá rẹ̀ tó di opó kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ dúró. Ó wá ìrànlọ́wọ́ kiri títí ọ̀nà fi là. Ní 1821, Henry wọ École Polytechnique ní Paris, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó le púpọ̀ láti wọ̀. Ní 1823 ó kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nípa afárá àti ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ìjọba gbé e padà sí ìlú rẹ̀. Ní 1828 ó fi Henriette Carey ṣe aya. Wọn kò bímọ.

Omi Dé Dijon

Nígbà náà, omi burúkú ni àwọn ará Dijon ń mu. Kànga tí kò jìn, tí ìdọ̀tí ìgboro ń ṣàn wọ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlú ti náwó gbẹ́ kànga kan tó jìn gan-an, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1832 àrùn onígbáméjì jà ní ilẹ̀ Faransé, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Paris. Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́.

Ní 1834, Darcy gbé àbá kalẹ̀. Isun kan wà lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń pè ní Rosoir. Ó wọn iye omi tó ń tú jáde níbẹ̀, ó sì wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dà sílẹ̀ láti ibẹ̀ dé Dijon. Ó ní omi náà lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìlú láìsí ẹ̀rọ kankan tí yóò fà á. Wọ́n fi òkúta kọ́ ojú ọ̀nà omi tí wọ́n bò lórí, tó lé ní kìlómítà 12. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1840, omi dé. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n rì mọ́ ojú títì lé ní ọgọ́rùn-ún. Olówó ń pọn, tálákà ń pọn, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ nídìí wọn.

Owó ńlá ló tọ́ sí Darcy fún iṣẹ́ yìí. Kò gbà á. Ohun tó gbà kò ju àmì ẹ̀yẹ wúrà kan lọ àti ẹ̀tọ́ láti máa rí omi lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọkùnrin yìí da omi síwájú ní tòótọ́.

Páìpù Tó Kún fún Yanrìn

Ó tún lọ́wọ́ nínú ojú irin tó gba Dijon kọjá. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn òṣèlú ọdún 1848 lé e kúrò nípò ní Dijon. Lẹ́yìn èyí ó di olórí àwọn tó ń bójú tó omi àti ojú títì ní Paris. Àìsàn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 1855 ó ní kí ìjọba tú òun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kí òun lè fi ìwọ̀nba agbára tó kù ṣe ìwádìí.

Ohun tó ń wá ni bí ìlú ṣe lè fi yanrìn sẹ́ omi mọ́. Ó gbé páìpù irin kan nàró nínú ọgbà ilé ìwòsàn Dijon. Páìpù náà ga ju géńdé ọkùnrin lọ, ìbú ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Ó da yanrìn sínú rẹ̀, ó wá tú omi sí i láti òkè. Òun àti ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Charles Ritter wọn iye omi tó ń jáde nísàlẹ̀ ní ìparí ọdún 1855. Wọ́n tún un wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 1856.

Ohun tí wọ́n rí rọrùn láti lóye. Bí gíga omi tó ń ti omi sísàlẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde náà yóò di ìlọ́po méjì. Bí yanrìn bá nípọn ní ìlọ́po méjì, omi yóò dín kù sí ìdajì. Irú ilẹ̀ sì ní iye tirẹ̀: yanrìn rẹ́kẹrẹ̀kẹ ń jẹ́ kí omi yára kọjá, amọ̀ ń dá a dúró. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì lè tó ìlọ́po mílíọ̀nù kan.

Ní 1856 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí omi ìlú Dijon. Inú àfikún ẹ̀yìn ìwé ló fi òfin yìí sí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1858, ó kú ní Paris ní ọmọ ọdún 54. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Dijon, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Láti Inú Yanrìn Dé Inú Kọ̀ǹpútà

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má rò pé àwọn ará Yúróòpù nìkan ló ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1017, al-Karaji, onímọ̀ ìṣirò tó ti ṣiṣẹ́ ní Baghdad, kọ odindi ìwé lórí omi tó fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ àti bí a ṣe ń fà á jáde. Orúkọ al-Khwarizmi, onímọ̀ Mùsùlùmí mìíràn, ni wọ́n sì yí padà tó di orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà àwọn àti ti Darcy pàdé lónìí.

Òfin Darcy wà fún ilẹ̀ tí omi kún bámúbámú. Ní 1931, Lorenzo Richards ará Amẹ́ríkà mú un gbòòrò dé orí ilẹ̀ oko, èyí tí omi àti atẹ́gùn jọ wà nínú rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ le débi pé kọ̀ǹpútà la nílò. Kọ̀ǹpútà yóò gé ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké, yóò ṣírò omi tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti èyí tó jáde, wákàtí lé wákàtí. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbé ọ̀kan tó ń jẹ́ MODFLOW jáde ní 1984 fún omi abẹ́ ilẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ìṣesí kẹ́míkà kún un, nítorí kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń bá omi rìn bákan náà. Oògùn oníbàbà tí àwọn àgbẹ̀ kókó ń fọ́n kí èso má baà dúdú kó sì jẹrà a máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ òkè, kì í tètè lọ jìnnà. Àmọ́ náítíréètì, tó ń wá láti inú ajílẹ̀ àti ìgbẹ́, kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi bá ń lọ ló ń bá a lọ.

Ohun Tó Kàn Wá

Orí òkúta líle ni Ọ̀wọ̀ àti àwọn òkè Ìdóàní wà, ilẹ̀ tó jẹ láti ara òkúta náà ló sì gba omi kànga dúró. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkèlúsè, a ó bá ilẹ̀ mìíràn, títí kan òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, àyè tó yẹ kó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá kò lè jẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Ilẹ̀ oníyanrìn ń fẹ́ àyè púpọ̀ ju ilẹ̀ amọ̀ lọ. Bí òkúta abẹ́ rẹ̀ bá sì sán, ìdọ̀tí lè gba ojú sísán náà yára kọjá ju bí a ti rò lọ. Ṣáláńgá kò sì gbọdọ̀ wà lókè kí kànga wà nísàlẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò lè mọ èyí fúnra rẹ̀. Ohun tí a bá wọ̀n fún un ló máa fi ṣírò. Bí a bá parọ́ fún un, irọ́ ni yóò dá padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Pólì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìní kọ̀ǹpútà. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ rọ omi kún un títí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò fi mumi yó, ẹ tún un rọ kún, kí ẹ wá fi aago àti rúlà wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ilé mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ wa kò dọ́gba. Páìpù kan, yanrìn àti sùúrù ni Darcy náà fi bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣe ará ìlú láǹfààní, kó sì jẹ́ kí omi wa mọ́. Àmín.