Jim Reeves, Olórin Àìsùn Òkú



Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àìsùn òkú kì í fi bẹ́ẹ̀ wáyé láàrin wa kí a má gbọ́ ohùn Jim Reeves. Èyí tí wọ́n máa ń gbé sí i jù ni This World Is Not My Home, tí ó gbé jáde nínú àwo ní ọdún 1962. Àwọn àgbà á ní ṣebí ohun tí Yorùbá ti ń wí náà ni, pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Àwọn kan nínú wa wá fi orin yìí ṣe àwáwí. Wọn kò kọ́lé síhìn-ín, wọn kò sì tún ilé bàbá wọn ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni a fẹ́ fi ayé ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó kọ ọ́.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Galloway, ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí bàbá rẹ̀ fi kú, ìyá rẹ̀ ló forí ṣe fọrùn ṣe tọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù àfigigbá ni ó kọ́kọ́ gbójú lé, ṣùgbọ́n ó fara pa, iṣẹ́ náà sì bọ́. Ó lọ gba iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mexican Joe gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní 1953. Lẹ́yìn náà ni ó fi igbe sílẹ̀, ó fẹnu súnmọ́ makirofóònù, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣìpẹ̀. Ó lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní 1962, ó tún padà lọ ṣe sinimá níbẹ̀. (Èyí kò dùn mọ́ wa nínú, nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ nígbà náà.)

Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1964, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù kékeré tí òun àti Dean Manuel, atẹdùùrù rẹ̀, wọ̀ láti Arkansas. Ìjì òjò ká wọn mọ́ nítòsí Nashville. Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni wọ́n tó rí òkú wọn nínú igbó. Ọmọ ogójì ọdún ni.

Ẹ wá mọ ohun tí wọ́n bá lọ sí Arkansas? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà ni.

Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Texas, wọ́n sì sin ín sí Carthage, ní tòsí ibi tí wọ́n bí i sí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń gbé àwọn tiwa lọ sílé.