Alfred Binet

Alfred Binet (oṣù Keje ọdún 1857 – ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1911) jẹ́ onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Faransé. Òun àti oníṣègùn Théodore Simon ni wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tí ó wúlò fún wíwọn òye ọmọdé. Ìdánwò náà wà lára ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò òye tí a ń ṣe lónìí fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ń gba ìtọ́jú ọpọlọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Binet ní ìlú Nice, tí ó di ara ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1860. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, ayàwòrán sì ni ìyá rẹ̀. Ó gba oyè nínú ẹ̀kọ́ òfin ní Párís ní ọdún 1878, ṣùgbọ́n ìwé sàíkọ́lọ́jì tí ó ń dá kà ni ọkàn rẹ̀ fà sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Salpêtrière

Binet ṣiṣẹ́ lábẹ́ Jean-Martin Charcot ní ilé-ìwòsàn Salpêtrière. Níbẹ̀, òun àti Charles Féré kéde pé irin òòfà lè gbé àmì àìsàn láti apá kan ara lọ sí apá kejì, lára aláìsàn tí wọ́n fi hypnosis mú sùn. Joseph Delboeuf, ará Bẹ́ljíọ̀m, fi hàn pé ohun tí àwọn aláyẹ̀wò ń retí ni àwọn aláìsàn ń ṣe. Binet gbà níkẹyìn pé àwọn ṣìṣe. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ olùbéèrè ṣe lè yí ìdáhùn ọmọdé padà.

Ìdánwò òye

Ní ọdún 1904, ìjọba Faransé yan ìgbìmọ̀ kan láti gbé ọ̀ràn àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé yẹ̀ wò, Binet sì wà lára wọn. Nígbà náà, oníṣègùn méjì lè fún ọmọ kan náà ní orúkọ àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ yìí sì lè sọ ọmọ di èrò ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ. Ní ọdún 1905, Binet àti Simon gbé ìdánwò onípele 30 jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi ojú tẹ̀lé iná ìṣáná, ó sì ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dá yẹ̀ wò. Ní ọdún 1908, wọ́n tò ó ní ìbámu pẹ̀lú ọjọ́ orí, láti ọdún 3 dé 13.

Binet kò gbà pé òye ọmọ kò lè pọ̀ sí i. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1909, ó kọ́ni pé a lè fi ìdánrawò mú àfiyèsí àti ìrántí ọmọ dára sí i. Ní ọdún yẹn kan náà, òfin Faransé fàyè gba kíláàsì àkànṣe fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Binet kú ní Párís ní ọdún 1911. Ní Amẹ́ríkà, Henry Goddard lo ìdánwò náà fún àwọn tí ń ṣí wọlé ní Ellis Island, ó sì ka àìlóye sí ohun àjogúnbá tí kò ní àtúnṣe. Lewis Terman tún un ṣe ní ọdún 1916, ó sì di Stanford-Binet. Lónìí, àwọn aláyẹ̀wò kì í gbára lé iye kan ṣoṣo. Wọ́n tún ń yẹ ìrántí, èdè àti àfiyèsí ọmọ wò, kí wọ́n tó pinnu irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ ẹ́.