Àjàyí tí wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀

Bí a ti máa ń ṣe nínú ìwé àyájọ́ wa, a tún mú ìtàn ẹni ńlá kan wá. Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ní kí a kọ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí ni bí ọmọ ṣe ń mọ iyì owó láti kékeré. Àwọn kan ti rò pé ọ̀kan nínú àwọn olówó Èkó àtijọ́ la ó mú. A ò mú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther la mú, nítorí pé kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ owó ná ni wọ́n ti ń ná an lọ́jà.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i sí Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, nílẹ̀ Ọ̀yọ́. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí àwọn àgbà ka owó á mọ̀ ọ́n: ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tó ń wọ ènìyàn lọ́rùn ni. Ọmọ tó bá dàgbà nílé ahunṣọ á ti mọ iye ọjọ́ tí bàbá fi jókòó sídìí òfì, á sì rí iye tí oníbàárà fẹ́ san. Ẹ̀kọ́ owó àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì sí ọmọ ọlọ́jà tí kò kọ́ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Àjàyí kọ́ tẹ̀ lé e, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa kọ́ ọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun dé. Àwọn Fúlàní, àwọn Ọ̀yọ́ àti àwọn ẹrú tó sá lọ́wọ́ olówó wọn ló jọ para pọ̀ tí wọ́n ká Òṣoògùn mọ́. Bàbá sáré wálé, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà síbi ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí Àjàyí fojú kàn án nìyẹn. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì tí ọ̀kan ò tíì pé ọdún kan, àti ìbátan wọn kan. Wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n dà wọ́n lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín wọn bí ìgbà tí a bá ń pín ẹrù tó wọlé. Ọwọ́ ìjòyè kan ni Àjàyí bọ́ sí, kò sì pẹ́ tí ìjòyè yìí fi fi í gba ẹṣin. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 ni, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tó tó nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n ní ẹṣin náà ò dára. Wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n sì dá ọmọ padà. Àwa tí à ń tajà mọ bí ọjà ìdápadà ṣe máa ń rí, bí oníbàárà ṣe ń yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ wá fi ọmọ ènìyàn rọ́pò ọjà náà.

Wọ́n gbé e lọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Dàda, ó sì bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Oṣù bíi mẹ́ta ni wọ́n jọ wà, ó ń pa koríko fún ẹṣin, ó ń rí ìyá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní kí ó tẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ sí Ìjàyè. Wọ́n ti tà á. Obìnrin kan ló wá rà á, tó sì ń mú un láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n dorí kọ ọ̀nà ilẹ̀ Pópò níbi tí àwọn Potogí ti ń ra ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe nínú ìwé àwọn obìnrin ọjà. Ó yẹ kó wà níbẹ̀. Oníṣòwò ni obìnrin yẹn bíi tiwa, ó ń dá owó rẹ̀, ó ń ṣírò èrè rẹ̀, bóyá ó tiẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń dá èèsú. Bí Àjàyí ṣe gbọ́ pé Pópò ni wọ́n ń mú òun lọ, ìbẹ̀rù òyìnbó bò ó. Ju alẹ́ kan lọ ló rò pé kí òun fi ìgbànú òun fún ara òun lọ́rùn kí òun kú, àyà rẹ̀ ò gbà á. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n tún tà á. Tábà, ọtí líle àti àwọn nǹkan mìíràn ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Tábà! Ohun tí èéfín gbé lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti ibẹ̀ wọ́n gbé e dé ọjà ẹrú ní Ìkòsì, létí ọ̀sà. Kò rí omi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rù ò jẹ́ kó jẹun, kò sì jẹ́ kó yíra padà títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Èkó. Oṣù bíi mẹ́ta ló lò ní Èkó kí àwọn Potogí tó rà á. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin, ọdún 1822, wọ́n kó ènìyàn 187 sínú ọkọ̀ òkun Esperanza Felix, òun sì wà nínú wọn. Kò pé ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi dá wọn dúró lójú òkun, tí wọ́n gba àwọn ènìyàn náà sílẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown, ní Sàró.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́. Láàárín ọdún kan àti díẹ̀, wọ́n ti tà á ju ìgbà mẹ́rin lọ, kò sì sí ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ tí kọ́bọ̀ kan kan òun. Ó mọ iye owó dáadáa, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Iyì owó ni kò tíì mọ̀. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o. Ọmọ wa tó ń kiri ọjà lè dá iye ọjà mẹ́wàá mọ̀ lórí, kó má sì mọ ohun tí a ń wá owó sí.

Bathurst, abúlé kan nítòsí Freetown, ni wọ́n fi í sí. Wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀, bí wọ́n ṣe jáde báyìí, ìgboro ló gbà lọ. Ó lọ bá ẹnì kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà, ó tọrọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́bọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì là ń wí, irú èyí tí àwọn àgbà wa ná kí Nàìjíríà tó bọ́ sí náírà ní 1973. Ààbọ̀ rẹ̀ ló tọrọ. Ọmọdé tí ebi ti pa láti Òṣoògùn dé etí òkun ni, àkàrà ò bá ti tó o rà. Káàdì A-B-D ló fi rà. Ó fẹ́ èyí tó jẹ́ tirẹ̀, tí kò ní í máa bá ẹlòmíràn pín wò.

Àwa ò rí ohun mìíràn nínú gbogbo ayé ọkùnrin yìí tó wù wá tó ààbọ̀ kọ́bọ̀ yẹn. Owó àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ná fúnra rẹ̀ nìyẹn, owó tọrọtọrọ sì ni. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú, nítorí pé olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Weeks, mọ iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kan mú ìwé, ọwọ́ kejì mú òòlù. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ó dé London ní 1826, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí wọ́n sọ di Susan. Ìyókù, àwọn ọmọ wa kà á ní ilé ìwé: ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841, oyè àlùfáà ní 1843, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe lọ́dún kan náà, àti Bíbélì.

Ohun kan wà tó bá ẹgbẹ́ wa mu níbẹ̀, a ò ní gbójú fò ó. Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi Crowther ní Sàró kò jókòó máa sunkún. Ìjọba máa ń ta àwọn ọkọ̀ òkun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní gbàǹjo. Àwọn kan nínú wọn dá owó jọ, wọ́n ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ní 1839 wọ́n sì fi ṣòwò, wọ́n fi kó ara wọn padà wá sí Badagry. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ kó lọ tà ló di ẹni tó ni ọkọ̀. Àjọ ló ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé owó ìpín ẹgbẹ́ kéré, ẹ gbọ́.

Crowther wọ Abẹ́òkúta nínú oṣù kẹjọ, ọdún 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu wọn ò gba ọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ìyá ti ní láti fi owó ẹyọ rà á padà lóko ẹrú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Owó kan náà tó sọ ọmọ nù ló ra ìyá bọ̀ wálé. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún màmá, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Láti ìgbà náà ni kò ti yé sọ fún àwọn ọba àti ìjòyè pé èrè wà nínú ohun tí ilẹ̀ ń mú jáde ju nínú ènìyàn lọ. Ìjọ rẹ̀ àti Thomas Clegg, oníṣòwò kan ní Manchester, gbé ọ̀rọ̀ òwú dìde ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń ya kóró òwú wá, òwú sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí àwọn ará Bonny ní kí ó wá dá ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí ọba wọn dá ìdajì owó náà. Kò fẹ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti mọ̀ láti Bathurst pé ohun tí ènìyàn bá wá owó rà fúnra rẹ̀ ló máa ń dì mú.

Ọ̀rọ̀ owó náà ni wọ́n padà fi dùn ún lọ́jọ́ ogbó. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́mọdé kan dé odò Ọya, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣòwò, ìwà wọn ò sì mọ́. Nínú oṣù kẹjọ, ọdún 1890, ní Onitsha, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún fi ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó sílẹ̀ fún wọn. Ìwà tí wọ́n hù sí i kò dára, bí ó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1891, ló kú sí Èkó.

Abigail, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti bí ọmọkùnrin kan ní 1864, ọdún tí bàbá àgbà jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Herbert Macaulay ni. Òun ló wá dúró ti Alímọ́tù Pẹlẹwùrà àtàwọn obìnrin ọjà Èkó nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba òyìnbó jà. Ìtàn tiwọn, ó di ọdún tó ń bọ̀.