Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori: Àáfà tí ó fẹ́ kí ọmọ kéwú mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà

  

Ẹni ńlá tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé wọn fún yín ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, olùdásílẹ̀ Markaz tí ó wà ní Agége. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ wa ni ó ti gbọ́ orúkọ wọn rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-kéwú ilẹ̀ Yorùbá ni olùkọ́ rẹ̀ jáde láti Markaz, tàbí tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a mọ orúkọ ènìyàn yàtọ̀ sí kí a mọ ohun tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ohun tí Sheikh Adam fi ọjọ́ ayé wọn ṣe kò ju ọ̀kan lọ: wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí ó bá ń ka Lárúbáwá mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń kà, kí ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÌDÍLÉ WỌN

Ọdún 1917 ni a bí Sheikh Adam ní ìlú Wasa, ní ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wọn, Abdul-Baqi, àáfà sì ni. Ìdílé ọba Wasa ni ìyá wọn ti wá. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú kí àáfà Ìlọrin máa gbé ní ìlú òkèèrè. Bí oníṣòwò ṣe ń gbé ọjà kiri ni àáfà ń gbé ìmọ̀ kiri, ibi tí ó bá sì ti rí ọmọ tí yóò kọ́ ni yóò tẹ́ awọ rẹ̀ sí. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò bí Sheikh Adam sí Ìlọrin, orúkọ ìlú náà ni wọ́n ń jẹ́ títí wọ́n fi jáde láyé, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Lọ́dọ̀ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka Kùránì alápọ̀nlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn àáfà mìíràn. Sheikh Salih Esinniobiwa ní Ìbàdàn wà nínú wọn. Sheikh Umar Agbaji tí í ṣe ọmọ Ìlọrin wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Sheikh Adam Namaji tí ó wá láti Kánò. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti gba ìmọ̀ èdè Lárúbáwá, ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìtàn. Ẹ kíyè sí i pé ilé-kéwú àtijọ́ ni ó tọ́ Sheikh Adam dàgbà. Ìdí nìyí tí wọn kò fi tàbùkù rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá ń tún un ṣe.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ KÉWÚ NÍGBÀ NÁÀ

Ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jókòó lórí àga lónìí mọ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Orí ẹní ni ọmọ máa ń jókòó sí níwájú àáfà, tòun ti wàláà lórí itan rẹ̀. Àáfà á fi kálámù àti tàdáwà kọ lẹ́tà sí i, ọmọ á sì máa pe orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti álífù títí dé yáà. Bí ó bá mọ̀ wọ́n tán, àáfà á fi àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sí wọn lára, ọmọ á máa pe ìró wọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀. Láti orí Fátíhà àti àwọn súúrà kéékèèké ni yóò ti máa gòkè lọ. Bí ó bá há ohun tí ó wà lára wàláà sórí tán, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì kọ òmíràn sí i.

Ọ̀nà yìí ní àǹfààní púpọ̀. Àáfà mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan dáadáa, nítorí pé kálukú ni ó ní ibi tí ó ń kà. Ọmọ tí ó yára kò dúró de ọmọ tí ó falẹ̀, ẹni tí ó falẹ̀ náà kò sì di ẹni ẹ̀yìn tí a fi sílẹ̀. Ọmọ ń kọ́ ìwà pẹ̀lú ìwé. Owó kò sì dí ọmọ tálákà lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí òbí bá ní ni ó ń mú wá. Ọ̀nà yìí ni ó gbé Ìsìláàmù dúró ní ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó kù sí. Ọmọ lè ka Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì ṣe wòlímọ̀ fún un, kí ó má mọ ìtumọ̀ ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn tí ó bá tún jókòó ti àáfà fún ọdún púpọ̀ láti ka ìwé ìmọ̀ nìkan ni ó ń mọ ìtumọ̀, wọn kò sì pọ̀. Nínú àwọn wọ̀nyí pàápàá, a máa ń rí ẹni tí ó lè túmọ̀ ìwé àtijọ́ sí Yorùbá lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí kò lè fi Lárúbáwá kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò sì lè bá àlejò Lárúbáwá sọ̀rọ̀. Kò sí àkókò tí ẹ̀kọ́ parí, kò sí ìdánwò, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí tí ọmọ lè mú lọ sí ibòmíràn.

ÌRÌN ÀJÒ WỌN SÍ ÍJÍBÍTÌ

Ní ọdún 1946, Sheikh Adam rin ìrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè Íjíbítì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dé Al-Azhar, ilé ìmọ̀ ńlá tí ó ti wà fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún báyìí. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn tí Lárúbáwá jẹ́ èdè abínibí wọn pàápàá ti pín ẹ̀kọ́ sí kíláàsì kíláàsì. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, ìdánwò sì ń bẹ ní òpin rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ni èdè, mélòó mélòó ni ọmọ Yorùbá tí ó ń kọ́ ọ ní ìkọ́ni!

Ohun mìíràn tún wà nílé tí ó ń kọ àwọn Mùsùlùmí lóminú. Ilé-ìwé tí àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá. Òbí Mùsùlùmí tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ ń bẹ̀rù pé kí ó má baà yí ẹ̀sìn padà. Èyí tí kò bá sì fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ ń wò ó bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń di akọ̀wé àti olùkọ́, tí ọmọ tirẹ̀ kò rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Ansar-Ud-Deen, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, dá ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ ìwé òyìnbó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tún ilé-kéwú fúnra rẹ̀ ṣe?

MARKAZ NÍ ABẸ́ÒKÚTA ÀTI NÍ AGÉGE

Ní ọdún 1952 ni Sheikh Adam dá ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n pè é ní Markaz, ìyẹn ibùdó, fún ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti Ìsìláàmù. Ní ọdún 1955, wọ́n gbé e lọ sí Agége. Ẹ rántí pé oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 yẹn kan náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọmọ ni ó ń wọ́ lọ sí ilé-ìwé. Ilé-kéwú tí kò bá ní ètò kò ní pẹ́ di ibi tí ọmọ ń yà sí fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ní Markaz, a pín àwọn ọmọ sí kíláàsì. Pátákó ìkọ̀wé wà níwájú gbogbo wọn, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó. A pín ẹ̀kọ́ sí ìpele, láti ti ìbẹ̀rẹ̀ tí à ń pè ní Ibtidā'iyyah, dé I'dādiyyah, dé Thānawiyyah. Ọmọ kì í dúró lórí kíkà nìkan. Bí ó bá ti ń mọ ọ̀rọ̀ kà ni a ó máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Yóò kọ́ náháwù àti sárífù, kí ó lè mọ ìdí tí òpin ọ̀rọ̀ fi ń yí padà. Yóò kọ ohun tí olùkọ́ bá pè fún un. Nígbà tí ó bá yá, a ó fún un ní àkòrí, a ó ní kí ó fi Lárúbáwá kọ èrò ọkàn tirẹ̀. Ní òpin rẹ̀, ìdánwò, lẹ́yìn ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gba ètò yìí. Lójú àwọn kan, kéwú tí a kò kọ́ lórí ẹní kì í ṣe kéwú mọ́, kíláàsì àti pátákó sì jọ ti òyìnbó jù. Sheikh Adam kò padà lẹ́yìn iṣẹ́ wọn. Ìwà ọmọlúàbí àti ọ̀wọ̀ fún àáfà tí ilé-kéwú àtijọ́ fi ń tọ́ ọmọ, wọ́n mú un wọ inú Markaz. Ohun tí wọ́n yí padà ni ọ̀nà tí ọmọ fi ń dé ibi ìmọ̀.

Wọ́n tún mọ̀ pé ìwé ni oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ. Wọ́n kọ ìtàn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti ti Sheikh Uthman ibn Fudi. Wọ́n kọ nípa orírun àwọn Yorùbá, wọ́n sì kọ ìwé kan lórí ètò ẹ̀kọ́ Lárúbáwá àti ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nípa báyìí, ọmọ Yorùbá tí ó ń kọ́ Lárúbáwá lè ka ìtàn ilẹ̀ baba rẹ̀ nínú èdè náà, kì í ṣe ìtàn ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Agége pẹ̀lú, kí ìwé má baà wọ́n. Bí wọ́n sì ti mọ Lárúbáwá tó, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe wáàsí fún àwọn ènìyàn wọn, kí ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ lè gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

OHUN TÍ WỌ́N FI SÍLẸ̀

Àwọn tí ó jáde ní Markaz tàn káàkiri. Wọ́n dá ilé-kéwú sílẹ̀ ní ìlú wọn, wọ́n sì gbé pátákó àti ètò kíláàsì dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ Lárúbáwá àti nílé níbí, wọ́n sì padà di olùkọ́ ní yunifásítì. Ní ọdún 1989, ìjọba Íjíbítì fi àmì ẹ̀yẹ dá Sheikh Adam lọ́lá nítorí iṣẹ́ ìmọ̀ wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti lọ wo bí a ti ń kọ́ni ní ọdún 1946 ni ó wá yẹ́ wọn sí lẹ́yìn ọdún 43.

Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1992 ni Sheikh Adam jáde láyé, ní ẹni ọdún 75. Ọmọ wọn, Sheikh Muhammad Habibullah, ni ó gba àkóso Markaz lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dọọdún ni à ń pa ẹran, tí à ń ra aṣọ, tí à ń ṣe wòlímọ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ohun ayọ̀ ni, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo bá kúrò nílẹ̀ tán, mélòó nínú àwọn ọmọ náà ni ó ń padà wá sí kíláàsì? Ẹni tí a bá yọ kúrò ní ọjọ́ wòlímọ̀, ẹnu ọ̀nà ni a ti dá a padà, kò tíì wọlé. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti ilé-kéwú dé, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ibo ni ó kà dé. Ẹ ní kí ó sọ ìtumọ̀ ohun tí ó kà lónìí fún yín, kí ó sì kọ ìlà kan kí ẹ rí i, kódà bí ẹ kò bá lè kà á. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé a ó bi òun yóò tẹ́tí ní kíláàsì.

Ẹ̀yin ìjọ mọ́sáláásí wa, àáfà tí ó ń kọ́ ogójì ọmọ kò lè máa wo ọwọ́ sàráà nìkan. Ibi tí ìwé, pátákó àti owó olùkọ́ kò bá ti sí, ètò Sheikh Adam kò lè dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Náháwù le, sárífù le, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin tí a bí sí Wasa kọ́ wọn títí tí àwọn tí ó ni èdè fi ń ka ìwé tirẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, kí Ó fi Àlùjánńà ṣe ibùgbé wọn, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ máa bí sí i láàárín wa. Àmín.