Ole Kirk Christiansen, Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Ó Fi Eré Ọmọdé Ṣe Iṣẹ́

Kò sí ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó tí kò mọ bí a ti ń fi ohun tí àwọn àgbà dànù ṣe ohun ìṣeré. Ọmọ tí baba rẹ̀ kò lówó ọkọ̀ ìṣeré lọ́wọ́ yóò wá agolo sàdíìnì, yóò gé àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà gbígbó ní róbótó ṣe táyà rẹ̀, yóò so okùn mọ́ ọn nímú, yóò sì máa wọ́ ọ kiri àdúgbò tayọ̀tayọ̀. Òmíràn yóò bu amọ̀ létí odò, yóò fi mọ màlúù oníwo gígùn. Òmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò to pòròpórò àgbàdo lé ara wọn títí wọn yóò fi di ilé alájà méjì. Bí àwọn àgbà bá rí i, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì bá tiwọn lọ, nítorí wọ́n gbà pé eré ni eré í jẹ́, iṣẹ́ ni iṣẹ́ í jẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ohun tí ọmọdé yóò fi ṣeré tó ohun tí àgbàlagbà yóò fi gbogbo agbára àti òtítọ́ inú rẹ̀ ṣe. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1891 ni a bí Ole Kirk Christiansen ní agbègbè Filskov, ní apá ilẹ̀ tí a ń pè ní Jutland ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, yanrìn sì pọ̀ nínú rẹ̀; kò lọ́ràá bí ilẹ̀ tiwa tí ń mú iṣu àti kòkó jáde. Òtòṣì ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ wọn sì pọ̀. Nígbà tí ó ṣì kéré, a máa da ẹran, a sì máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi bí ó ti jókòó ti àwọn ẹran náà. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, èyí tí àwa ń pè ní iṣẹ́ káfíńtà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn tí ó ti gba òmìnira, ó rìnrìn-àjò ṣiṣẹ́ dé ilẹ̀ Jámánì àti ilẹ̀ Nọ́ọ̀wè. Ní Nọ́ọ̀wè ni ó ti pàdé Kristine tí ó di aya rẹ̀. Ní ọdún 1916 ó padà sí ilé, ó fi owó tí ó ti fi pamọ́ ra ilé iṣẹ́ igi kan ní Billund, abúlé kékeré kan tí ilé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Níbẹ̀ ni òun àti aya rẹ̀ ti tẹ̀dó, tí Ọlọ́run sì fi ọmọkùnrin mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe nígbà náà ni iṣẹ́ tí káfíńtà ìlú kékeré máa ń ṣe: ilẹ̀kùn, fèrèsé, àpótí aṣọ, àti ilé kíkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Ní ọdún 1924, méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Karl Georg àti Godtfred, ń ṣeré nínú ilé iṣẹ́. Iná ran èérún igi tí wọ́n fá sílẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, iná ti gba gbogbo ilé iṣẹ́, ó sì jó ilé tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú. A lè rò bí inú baba ti rí nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ ọmọ òun ni ìparun iṣẹ́ òun ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ole Kirk kọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, gbèsè kò sì ṣàì bá ìkọ́lé náà rìn.

Gbèsè yìí kò tíì tán nígbà tí ọwọ́n owó tí ó mi gbogbo ayé dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 sí i. Àwọn àgbẹ̀ Jutland kò rí ọjà wọn tà mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pe káfíńtà wá kọ́ ilé. Ole Kirk ní láti dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1932 náà gan-an ni Kristine aya rẹ̀ kú, tí ó fi ọmọkùnrin mẹ́rin sílẹ̀ fún un láti tọ́. Iṣẹ́ kò sí, owó kò sí, aya kò sí. Bí ẹlòmíràn bá wà ní ipò rẹ̀, bóyá ìbá ti ká ọwọ́ gbera.

Nígbà náà ni ó ronú pé bí àwọn ènìyàn kò bá lè ra ohun ńlá, bóyá wọn yóò lè ra ohun kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àkàbà, àpótí ìjókòó àti pátákó tí a fi ń lọ aṣọ. Ó sì ń fi ẹ̀là igi tí ó ṣẹ́kù ṣe ohun ìṣeré ọmọdé: ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin, àti ẹyẹ tí a ń fi okùn fà. Nígbà tí ó lọ bẹ àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe onígbọ̀wọ́ fún òun láti yá owó, wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n bi í léèrè bóyá kò rí iṣẹ́ tí ó wúlò ju èyí lọ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni àgbàlagbà onígbèsè, baba ọmọ mẹ́rin, tí ó ń gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igi. Nígbà mìíràn, oúnjẹ ni àwọn àgbẹ̀ fi ń san owó ohun ìṣeré náà, nítorí wọn kò ní owó lọ́wọ́. Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọgbọ́n kò sì wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní àkókò kan, ohun ìṣeré tí a ń pè ní yóyò gbòde kan. Igi róbótó méjì ni, tí a so okùn mọ́ láàárín, tí a ń jù sílẹ̀ tí ó sì ń padà sí ọwọ́. Ole Kirk ṣe é ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, àfi bí àwọn ènìyàn ti ṣíwọ́ rírà á lójijì. Ó fi ayùn rẹ́ wọn sí méjì, ó sì fi wọ́n ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ìṣeré. Ní ọdún 1934 ó fẹ́ yan orúkọ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá mú orúkọ tí ó dára jù lọ wá láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yóò gba ìgò ọtí wáìnì kan tí òun fi ọwọ́ ara òun pọn. Níkẹyìn, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ mú wá ni ó borí: LEGO, tí ó fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ méjì ní èdè wọn tí ìtumọ̀ wọn jẹ́ pé kí a ṣeré dáradára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Godtfred, ọ̀kan nínú àwọn tí iná àkọ́kọ́ ti ọwọ́ wọn ṣẹ́, ti ń bá baba rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó kó pẹ́pẹ́yẹ onígi sínú àpótí lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí a lè kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Ó padà wá fi inú dídùn sọ fún baba rẹ̀ pé òun ti dín ìnáwó kù: ẹ̀ẹ̀mejì ni òun kùn wọ́n ní fáníṣì dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó rò pé a óò yin òun. Baba rẹ̀ ní kí ó padà sí ibùdó ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó gbé àpótí náà wálé, kí ó kùn wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ó tún wọn dì, kí ó sì gbé wọn padà, òun nìkan, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ń ṣú. Fáníṣì kẹta yẹn ni ọmọ náà fi mọ̀ títí ayé pé ọmọdé kì í ṣe ẹni tí a ń rẹ́ jẹ. Ole Kirk gbà pé ohun tí ó dára jù lọ kò pọ̀ jù fún ọmọdé, a sì kọ ọ́ sára ògiri ilé iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1942 iná tún jó ilé iṣẹ́ náà. Àwòrán iṣẹ́ àti àwọn àpẹẹrẹ tí a fi ọdún pípẹ́ kó jọ ni iná náà run. Ọkùnrin náà ti ń darúgbó lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ro ti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, ó tún mú ayùn. Ó kọ́ ilé iṣẹ́ tí ó tún tóbi sí i.

Ọdún 1947 ni ó yẹ kí àwa ará Èkìtì fi sí ọkàn. Ní ọdún yẹn ni Fadá Kevin Carroll dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, ti ń gbẹ́ igi, tí Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún náà kan náà ni ẹ̀rọ ńlá kan dé Billund, ẹ̀rọ tí ń yọ́ ike tí ó sì ń dà á sínú àpẹẹrẹ. Àwọn ti Ọ̀yẹ́ di igi mú ṣinṣin, wọ́n sì ṣe dáradára. Ole Kirk tí ó ti fi igi jẹun láti èwe rẹ̀ ń wo ohun tuntun. Owó ẹ̀rọ náà ga, ẹ̀rù sì lè bani láti fi ohun tí a mọ̀ sílẹ̀ fún ohun tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó rà á.

Ní ọdún 1949 ni bíríkì ìṣeré oníke àkọ́kọ́ jáde. Òtítọ́ kò ṣé fi pamọ́: kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ro ó. Ará Ìlú Ọba kan, Hilary Fisher Page, ti ń ṣe irú bíríkì bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni wọ́n rí ní Billund, tí wọ́n sì tún ṣe. Ilé iṣẹ́ LEGO fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ èyí nínú ìtàn rẹ̀. Ó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹni ńlá pàápàá a máa dúró lé èjìká ẹlòmíràn, kí a má sì gbàgbé orúkọ ẹni tí ó ni èjìká náà.

Bíríkì yìí kò tà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ihò gbayawu ni inú rẹ̀, nítorí náà ilé tí ọmọdé bá fi kọ́ a máa yẹ̀ lulẹ̀ kíá. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Godtfred ni ó rò ó pé kí gbogbo ohun ìṣeré náà bá ara wọn mu, kí èyí tí a rà lónìí lè so mọ́ èyí tí a óò rà lọ́dún tí ń bọ̀. Ní ọdún 1955 ni wọ́n fi èyí lọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀pá oníhò róbótó sí inú bíríkì, kí orí bíríkì ìsàlẹ̀ lè há mọ́ ọn láìṣubú, kí ọwọ́ ọmọdé sì lè fà á yọ. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958 ni wọ́n tọrọ ìwé àṣẹ fún un. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún náà ni Ole Kirk Christiansen kú, ní ẹni ọdún 66. Iná tún jó àká ohun ìṣeré onígi ní ọdún 1960, ọmọ rẹ̀ sì fi igi sílẹ̀ pátápátá, ó gba bíríkì mú. Bíríkì ọdún 1958 ṣì ń bá ti òde òní mu títí di ìsinsìnyí. Bí a bá mú bíríkì mẹ́fà péré tí ó ní orí mẹ́jọ mẹ́jọ, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ọ̀nà 915,103,765 ni a lè gbà tò wọ́n.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bóyá àwọn tí ó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ń tọ ọ̀nà rẹ̀, kí ó wo àwọn ohun ìṣeré wọn tí ó jẹ mọ́ dáínósọ̀. Dáínósọ̀ ni àwọn ẹranko ńláńlá ìgbàanì, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti run ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn, tí a sì ti wú egungun wọn nínú ilẹ̀ títí dé Niger tí ó bá wa pààlà níhà àríwá. Oríṣi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn. Èkíní ni ti Jurassic World, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015. Orí, ara, ẹsẹ̀ àti ìrù ẹranko ńlá inú rẹ̀ ni a ti dà láti ilé iṣẹ́. Ọmọdé kàn ń kì wọ́n bọ ara wọn ni. Ó jọ ẹranko gidi, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ní àárọ̀ náà ni yóò jẹ́ ní alẹ́. Èkejì jáde ní ọdún 2017. Bíríkì 174 ni. Òní, ọmọdé a fi tò ó ní ẹran apanijẹ tí a ń pè ní Tyrannosaurus. Ọ̀la, a tú u, a fi ṣe Triceratops oníwo mẹ́ta. Ọ̀túnla, ó di ohun abìyẹ́ tí ń fò. Kò jọ ẹranko gidi tó ti èkíní, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọgbọ́n ọmọ ni òpin rẹ̀. Ẹ̀kẹta jáde ní ọdún 2019, bíríkì 910, ó sì jẹ́ egungun nìkan: ti Tyrannosaurus, ti Triceratops, àti ti Pteranodon, ẹran afòfúrufú tí kì í tilẹ̀ ṣe dáínósọ̀ ní tòótọ́. Èyí dára fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ mọ bí egungun ti so mọ́ egungun, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni àyè rẹ̀. Kò ṣé wọ́ nílẹ̀.

Èwo ni ó sàn jù? Ẹni tí ó fẹ́ wò yóò mú ẹ̀kẹta, ẹni tí ó fẹ́ gbá mú kiri yóò mú èkíní. Lójú tèmi, èkejì ni ó súnmọ́ ọkàn Ole Kirk jù lọ, nítorí òun ni ó bá ọmọ tí ń mọ màlúù amọ̀ létí odò wa tan. Ọmọ náà a mọ ọ́n, a fọ́ ọ, a tún mọ ohun mìíràn, amọ̀ náà kì í sì í tán.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kò bí Ole Kirk Christiansen sínú ọlá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìwé ńlá dé ipò tí ó dé. Iná jó o, ikú mú aya rẹ̀ lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì rò pé ohun yẹpẹrẹ ni ó ń ṣe. Ohun tí ó gbé e ró ni pé kò rí oníbàárà kankan tí ó kéré jù láti ṣe iṣẹ́ rere fún. Ẹni tí ó ń gbẹ́ òpó ààfin ní Ọ̀yẹ́, ẹni tí ó ń rọ ọkọ́ ní Ìrè, ìlú Ògún, àti ẹni tí ó ń kọ àròkọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, gbogbo wọn ni ó ní fáníṣì kẹta tiwọn. Òru ni a máa ń kùn ún, nígbà tí kò sí ẹni tí ń wò wá.