John Scott Russell àti Ìgbì Kan Ṣoṣo

Ilẹ̀ Skọ́tlándì ni a bí John Scott Russell sí ní ọdún 1808. Ní 1834, nítòsí Edinburgh, ọkọ̀ kan dúró lójijì lórí odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Ìgbì kan ṣoṣo gbéra níwájú rẹ̀, ó sì ń lọ lórí omi tí ó pa rọ́rọ́, kò fọ́ká. Russell gun ẹṣin tẹ̀ lé e ju máìlì kan lọ. Ó dán an wò nínú ọpọ́n omi gígùn ní ọgbà rẹ̀: bí ìgbì bá ti ga tó ni ó ń yára tó. Airy, ògbógi nínú ìṣirò, ta kò ó. Russell kú ní 1882. Ní 1895 ni ìṣirò Korteweg àti de Vries dá a láre. Bí àwa olùkọ́ ọ̀la bá dúró létí odò Ọbà ní Ìwó, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáradára.