Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì: Ìgbésí Ayé Anna Hinderer

Kò sí ọmọ Ìkirè tàbí Apòmù tí kò gbọ́ ọ rí pé ọjà Apòmù ni wàhálà tó di ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wá ná ọjà gbé, wọ́n ń tà wọ́n lẹ́rú. Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ ìtàn náà sínú ìwé fún wa. Àmọ́ ta ló kọ́ Johnson níwèé nígbà tó wà lọ́mọdé? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọdún 1827 ni wọ́n bí Anna Martin ní abúlé Hempnall, ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Lowestoft, ìlú etí òkun, ló ti dàgbà. Kò tíì ju ọ̀dọ́mọbìnrin lọ tó fi ń kó àwọn ọmọ tálákà aláṣọ àkísà jọ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń kọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS gbà síṣẹ́, tó sì ti dé Ìbàdàn ṣáájú. Kí ọdún náà tó parí, tọkọtaya ti wọkọ̀ ojú omi. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú Anna o. Ó mọ̀ pé ibà ń pa òyìnbó ní ilẹ̀ wa bí ẹni pa eṣinṣin, síbẹ̀ ó wá.

Nínú oṣù kẹrin ọdún 1853 ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Ìlú jagunjagun ni nígbà yẹn. Àwọn òbí ò fẹ́ fi ọmọ sílé ìwé rárá, wọ́n ní ìwé á sọ ọmọ di ojo. Ìjòyè Olúńlóyọ̀ ló kọ́kọ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Díẹ̀díẹ̀ làwọn ọmọ ń pọ̀ sí i ní Kúdẹtì. Anna ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti aṣọ rírán, ó ń bọ́ wọn, ó ń tọ́jú wọn tí ara wọn ò bá yá. Kò bímọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá làwọn ọmọ ń pè é.

Ní 1860, ogun Ìjàyè dé. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà, ẹrù ò gba Èkó wọlé mọ́, owó ẹyọ tán lọ́wọ́ wọn. Ni Anna bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù inú ilé kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ìjàyè fọ́ ní 1862, síbẹ̀ ọ̀nà ò là. Nígbà tó fi máa di 1865, àìsàn ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Glover, tó ń ṣàkóso Èkó, ló rán Captain Maxwell pé kó la inú igbó wá gbé e. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀, ṣé kì bá jókòó sílé rẹ̀? Ní 1867, ó tún ti padà sí Ìbàdàn! 1869 ló tó lọ pátápátá. Ó kú ní Norfolk ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1870, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.

Èmi ò sọ pé kò lábùkù o. Òyìnbó ayé ìgbà yẹn ni, òkùnkùn ló ka ẹ̀sìn àwọn baba wa sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Daniel Olúbí, tó bá wọn gbé láti ọjọ́ òwúrọ̀, ló gba iṣẹ́ náà, ó sì di àlùfáà. Johnson, tó wọ ilé ìwé wọn lọ́mọdé, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ọdún 1921 ló jáde. Orúkọ Anna ni St Anne's School ní Mọ̀lété ń jẹ́ dòní.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, owó la sábà máa ń dá nígbà tá a bá pàdé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó ò kọ́ ọmọ bí kò bá sí ẹni tó dúró níwájú pátákó. Láti Ìbàdàn dé Ìkirè, kò gba mọ́tò ní wákàtí kan tí gosiló ò bá sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun náà ń wálé ọdún. Ọ̀sán kan péré, kí dókítà wa, ẹnjiníà wa, telọ wa, wọ kíláàsì kan kó kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó mọ̀. Ọmọ tí yóò kọ ìtàn Ìkirè àti Apòmù lọ́la lè wà lórí bẹ́ǹṣì tí a dìde kúrò yẹn.